Bóòtù mẹ́rin tí ìwé kankan kò rántí: ohun tí ilé iṣẹ́ Boeing ní Renton ń kà, àti ohun tí kò kà

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ Boeing kan ní ìlú Renton, ìpínlẹ̀ Washington, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù. Wọ́n ń bá ara wọn sọ bí wọ́n ṣe máa to inú bàálù 737 MAX 9 kan padà lẹ́yìn àtúnṣe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lára ògiri rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, adílẹ̀kùn wà ní àyè rẹ̀. Adílẹ̀kùn ni mo pe irin tí wọ́n fi ń dí ojú ilẹ̀kùn pàjáwìrì tí ilé iṣẹ́ tó ra bàálù kò nílò, nítorí pé àga inú tirẹ̀ kò pọ̀ tó iye tí òfin fi ń béèrè ilẹ̀kùn yẹn. Èrò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ojú ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ògiri àti fèrèsé ló máa rí. Bóòtù mẹ́rin ló yẹ kó dá irin náà dúró kó má lè sún sókè. Fọ́tò yẹn fi ojú mẹ́ta hàn nínú mẹ́rin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣófo. Ìkẹrin wà lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń dí òtútù àti ariwo, kò hàn.

Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò náà torí bóòtù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí jàǹbá dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òun ló sọ fún wọn ohun tí gbogbo àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà kò lè sọ.

Mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bàálù yìí dáadáa, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà yóò rí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọṣẹ, ìbáà jẹ́ omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń ṣe. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iye tó jáde lónìí ni ọ̀gá ń béèrè. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro kà. Iṣẹ́ tí a tú tí a kò dè padà ni kì í sí nínú iye yẹn. Ẹbí 737 yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ̀ láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá.

Ara 737 kì í bẹ̀rẹ̀ ní Renton. Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni ilé iṣẹ́ Spirit AeroSystems ti ń ṣe, nígbà náà, ọpọ́n gígùn tí èrò máa ń jókòó sínú rẹ̀. Boeing ló ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó tà á lọ́dún 2005. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé ọpọ́n náà la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já dé Renton, lẹ́bàá adágún Washington, níbi tí Boeing ti ń fi apá, ẹ́ńjìnì, wáyà àti àga sí i. Èyí tí à ń sọ yìí dé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Lọ́jọ́ kejì, àkọsílẹ̀ fi hàn pé rífẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ìyẹn ìṣó tí wọ́n fi ń so irin mọ́ irin, ti bàjẹ́ lára férémù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adílẹ̀kùn apá òsì.

Wichita ló yẹ kí wọ́n ti rí rífẹ́ẹ̀tì márùn-ún yẹn, níbi tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, tí kò sì sí ohunkóhun níwájú rẹ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ tú. Ní Renton, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Spirit wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tún àbùkù tó bá ọpọ́n wá ṣe. Àwọn ni wọ́n máa ṣe rífẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lè dé ibẹ̀ àfi tí adílẹ̀kùn bá ṣí, adílẹ̀kùn kò sì sí lábẹ́ wọn, ti Boeing ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àtúnṣe náà tó parí.

Òfin Boeing fúnra rẹ̀ lórí irú iṣẹ́ yìí wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú ohun tí wọ́n ti dè, tí olùyẹ̀wò sì ti fọwọ́ sí, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ló máa bí iṣẹ́ tuntun: dídè padà, pẹ̀lú àyè tí olùyẹ̀wò máa fọwọ́ sí. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ títú, kò sí iṣẹ́ dídè. Bí kò bá sí iṣẹ́ dídè, kò sí olùyẹ̀wò tí wọ́n máa pè. Láàrin ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ẹnì kan ṣí adílẹ̀kùn náà, ẹnì kan sì tì í padà. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó sọ pé ó ṣí. Nítorí náà, bóòtù mẹ́rin kò sí lára bàálù, ṣùgbọ́n lójú ìwé wọn kò tíì kúrò níbẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, Boeing fi bàálù náà lé Alaska Airlines lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Jimọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2024, ó gbéra ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, ó ń lọ sí Ontario ní California, pẹ̀lú èrò 171 àti òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú ọ̀run, ó ti ga kọjá ẹsẹ̀ bàtà 14,000, nígbà tí adílẹ̀kùn apá òsì já kúrò lára rẹ̀. Ìlà àga kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni ihò náà ṣí sí. Afẹ́fẹ́ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọkùnrin kan. Àga méjì tó sún mọ́ ihò náà jù lọ ṣófo lọ́jọ́ yẹn. Àwọn awakọ̀ yí padà sí Portland, wọ́n sì balẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ fara pa díẹ̀. Orí kó gbogbo wọn yọ. Inú àgbàlá olùkọ́ kan ní Portland ni wọ́n ti rí adílẹ̀kùn náà. Nígbà tí NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àpá tó yẹ kó wà níbẹ̀ ká ní bóòtù ló fipá já. Bóòtù náà kò sí níbẹ̀ kí ó tó gbéra.

Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, kí ni òṣùwọ̀n sọ nípa bàálù yìí? Ó ní ó ti jáde ní ilé ìtò. Ó ní oníbàárà ti gbà á. Gbogbo ìgbà tó bá sì gbé èrò tó gbé wọn balẹ̀ láyọ̀, ìrìn àjò tó yọrí sí rere ni wọ́n ń kà fún un. Ìwádìí padà fi hàn pé adílẹ̀kùn náà ti ń sún sókè díẹ̀díẹ̀ lásìkò àwọn ìrìn àjò kan náà. Ohun tí wọ́n ń kà bí ẹ̀rí pé ó ṣeé gbára lé ni ó ń gbé e lọ sí ọjọ́ tí yóò já. Ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Ẹni tó bá ń ka iye ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ láti fi mọ̀ bóyá nǹkan ṣeé gbára lé, ó dára, ṣùgbọ́n iye yẹn kò lè rí ohun tí kò tíì já. Ohun tó lè rí i ni ìwé ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ìwé yẹn ló sì ṣófo.

FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí bàálù 171 irú bẹ́ẹ̀ má gbéra mọ́ títí tí wọ́n á fi yẹ̀ wọ́n wò. Alaska àti United rí bóòtù tó dẹ̀ lára àwọn mìíràn. Nítorí náà kò ṣeé sọ pé orí burúkú bàálù kan ṣoṣo ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní, FAA jẹ́ kí wọ́n padà sójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé Boeing kò gbọdọ̀ mú kí iye 737 MAX tó ń ṣe pọ̀ sí i. 38 lóṣù ni òdiwọ̀n. Ìpinnu yìí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí àjọ náà ṣe. Iye tó ń jáde ni ilé iṣẹ́ náà fi ń mọ ara rẹ̀ ní akíkanjú, iye yẹn gan-an ni wọ́n sì fọwọ́ lé.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí ìwé ìròyìn New York Times gbé jáde nípa rẹ̀ ni pé nínú àyẹ̀wò 89 tí FAA ṣe fún Boeing lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe bàálù yìí, ó kùnà 33. Spirit kùnà méje nínú 13. Ṣùgbọ́n ohun tó yé mi jù nínú ìròyìn náà kì í ṣe iye. Ní Wichita, wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá òtẹ́ẹ̀lì yẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn wò. Wọ́n tún rí àwọn tó fi ọṣẹ olómi, èyí tí wọ́n fi ń fọ abọ́, pa rọ́bà náà kó lè wọlé wẹ́rẹ́. Mi ò rò pé ọ̀lẹ tàbí òmùgọ̀ ni ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀, ìwé ìtọ́sọ́nà kò sọ irinṣẹ́ tó yẹ kó lò yékéyéké, ó sì wá ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti ń wá ọ̀nà tirẹ̀ lójoojúmọ́, òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ náà kò mọ ohun tó ń wọ̀n mọ́.

Ní oṣù Kejì, Mike Whitaker tó ń darí FAA nígbà náà fún Boeing ní 90 ọjọ́ kó gbé ètò àtúnṣe wá. Ní oṣù Kẹta, Boeing sọ pé òun kò ní gba ọpọ́n tó ní àbùkù láti Wichita mọ́: ibẹ̀ ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ ni wọn yóò ti tún un ṣe, kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ojú ẹsẹ̀ ni iye tó ń jáde lọ sílẹ̀. Bàálù 83 ni Boeing fi lé oníbàárà lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024, ní ìfiwéra pẹ̀lú 130 ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn olówó orí ìpín bínú. Àmọ́ iye 130 ìjọsí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni iye iṣẹ́ tí wọ́n gbé kọjá ibùdó rẹ̀ láìparí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ètò náà dé, òṣùwọ̀n mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀ tí FAA yóò máa fi ṣọ́ Boeing. Ọ̀kan ń béèrè ìdá tó mọṣẹ́ dáadáa nínú àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀kan ń ka wákàtí tí wọ́n ń lò níbi ìtò ìkẹyìn láti tún àbùkù tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe èròjà wá ṣe. Òmíràn ń ka èròjà tó yẹ kó ti dé tí kò tíì dé. Àpapọ̀ wákàtí àtúnṣe lórí bàálù kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Iye iṣẹ́ tí bàálù ṣì gbé dání láìparí nígbà tó ń jáde ní ilé ìtò wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ń wo àbùkù tó sá mọ́ àwọn olùyẹ̀wò lọ́wọ́, tí wọ́n wá rí kí bàálù tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, iṣẹ́ tí bàálù gbé dání ni màá mú. Iṣẹ́ àgbérìn, ìyẹn iṣẹ́ tí wọn kò parí ní ibùdó rẹ̀ tí bàálù gbé lọ síwájú, ni ó bí ọ̀rọ̀ bóòtù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti kúrò ní ibùdó rẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù kò bá a lọ, olùyẹ̀wò tó ń dúró dè é kò bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe rífẹ́ẹ̀tì márùn-ún fi di kí wọ́n tú ohun tó ti parí. Iye iṣẹ́ àgbérìn ṣeé kà lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó fara pa, kò sì dúró de kí nǹkan já. Boeing tún fi òfin tì í lẹ́yìn: bàálù kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdó kan bọ́ sí èkejì bí kò bá tíì yege nínú ohun tí wọ́n là sílẹ̀ fún ibùdó yẹn. Òṣùwọ̀n tó lè dá bàálù dúró ni mo fọkàn tán.

Wákàtí àtúnṣe ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ wò ó: ká ní òṣùwọ̀n yìí ti wà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, kí ni ìbá kà? Ìbá ka wákàtí tí wọ́n fi ṣe rífẹ́ẹ̀tì, nítorí àbùkù yẹn wà nínú ìwé. Kò ní rí ṣíṣí adílẹ̀kùn, nítorí kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ohun tó kéré ló máa kà, èyí tó lè pànìyàn á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nǹkan mìíràn tún wà. Bí ọ̀gá bá ń bínú nígbàkigbà tí wákàtí àtúnṣe bá lọ sókè, yóò lọ sílẹ̀ lóòótọ́, bóyá nítorí pé àbùkù ti dín kù, bóyá nítorí pé àwọn ènìyàn ti dákẹ́. Iye kan náà ni méjèèjì máa gbé jáde lórí pátákó. Ẹni tó bá ń wọn wákàtí àtúnṣe gbọ́dọ̀ máa wọn nǹkan kejì pẹ̀lú rẹ̀: kó mú bàálù kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú, kó wo ohun tó wà lára rẹ̀ ní ti gidi, kó fi wé ohun tí ìwé sọ. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàrin méjèèjì ni òṣùwọ̀n tí mo ń wá nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí n kò rí.

Kì í sì í ṣe pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2025, NTSB ṣe ìpàdé ìkẹyìn lórí jàǹbá náà. Ohun tí wọ́n ní ó fà á ni pé Boeing kò fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìtọ́sọ́nà àti àbójútó tó tó láti máa tẹ̀ lé ìlànà títú nǹkan. Wọ́n fi kún un pé àyẹ̀wò FAA kò múná: àìtẹ̀lé ìlànà yìí ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, àjọ náà kò sì rí i dájú pé Boeing wá nǹkan ṣe sí i. Ìyẹn ni pé àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra nìkan ni òṣùwọ̀n wà fún, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti sùn lọ.

Ìpàdé yẹn tún mú ohun kan jáde tó yẹ kó dá ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún dúró. Ènìyàn 24 ló wà nínú ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ilẹ̀kùn ní Renton. Ẹyọ kan nínú wọn ló ti ṣí irú adílẹ̀kùn yìí rí, ó sì wà lẹ́nu ìsinmi lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ẹ wá ronú nípa òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá àwọn tó mọṣẹ́. Gbogbo àwọn 24 yìí lè mọ iṣẹ́ ilẹ̀kùn ojoojúmọ́ dáadáa, kí ìwé sì pe gbogbo wọn ní ọ̀jáfáfá, nítorí adílẹ̀kùn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́; láti Wichita ló ti máa ń dé ní dídè. Iṣẹ́ tó ṣọ̀wọ́n ni kì í hàn nínú ìdá. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n máa béèrè ní gbogbo àárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ni èyí: iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀ lónìí tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ṣé ẹni náà sì wá síṣẹ́? Kò nílò kọ̀ǹpútà. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì tó o.

Láti ìgbà náà, Boeing ti ra Spirit padà. Òwò náà parí ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Wichita sì ti wà lábẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Renton. Mo rò pé ìyẹn yóò ran iṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí àríyànjiyàn lórí ẹni tó yẹ kó tún rífẹ́ẹ̀tì ṣe kò ní jẹ́ láàrin ilé iṣẹ́ méjì mọ́. Boeing tún ti ya àwòrán ohun tí yóò máa di adílẹ̀kùn mú lọ́nà kejì, kó má jẹ́ pé bóòtù mẹ́rin nìkan ni ẹ̀mí èrò dúró lé, NTSB sì ti ní kí wọ́n fi sára àwọn bàálù tó ti wà níta tí ìwé àṣẹ rẹ̀ bá ti jáde. Èyí ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú gbogbo àtúnṣe, torí kò dúró de kí ẹnikẹ́ni rántí kọ nǹkan.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, FAA gbà kí iye náà kúrò ní 38 lọ sí 42 lóṣù. 47 ni Boeing ń fojú sí lẹ́yìn rẹ̀. Iye bàálù tó lọ sọ́dọ̀ oníbàárà ni ilé iṣẹ́ náà máa ń kéde lóṣooṣù, òun náà ni ìròyìn máa ń gbé. Iye méjì mìíràn ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé ka orí tábìlì FAA kí òdiwọ̀n tó tún lọ sókè: iye ìgbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n ti dè ní Renton lóṣù yẹn, àti iye àkọsílẹ̀ títú tó wà fún un.